Ibùdó Kírìjì: Ìlú tí Ogun Tẹ̀ Dó

Bí a bá dárúkọ Kírìjì láàárín Yorùbá, ìró ìbọn ló kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ àwọn akọni: Látòósà, Ògèdèǹgbé, Fábùnmi. Ẹni tó kàwé díẹ̀ sí i á rántí pé láti 1877 ni ogun náà ti bẹ̀rẹ̀, pé 1893 ni gbogbo ọmọ ogun tó padà sílé, àti pé àwọn ọba àti olóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní 1886. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń béèrè ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun ń sùn ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tó ń bọ́ wọn, ẹni tó ń dá ẹjọ́ wọn, àti ohun tó mú kí wọ́n dúró sójú kan fún ọdún púpọ̀ láìtú ká. Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí wà ní ibùdó ogun méjì tó dojú kọ ara wọn ní ẹnubodè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ọ̀kan ní ìhà Igbájọ, ìkejì ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ibùdó Èkìtìparapọ̀, àjọ àwọn ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó bá Ìbàdàn jà, fúnra rẹ̀ ló já agbára Ìbàdàn. Kì í ṣe akọni kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe irú ìbọn kan. Níbẹ̀ ni àwọn ìlú tó ti ń dá jagun, tí wọ́n sì ti ń dá ṣubú, ti kọ́kọ́ ní àkóso kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń gbọ́ràn sí.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wa, ó yẹ kí a wo bí Ìbàdàn ṣe ń borí tẹ́lẹ̀. Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ibùdó ogun ni. Ní nǹkan bí 1829, lẹ́yìn tí Òwu ti fọ́ tí ogun sì ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, ni àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú tẹ̀ dó síbẹ̀, ibi tó yẹ kó jẹ́ àgọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ sì di ìlú ńlá. Kò sí ìdílé tó ń jọba níbẹ̀. Ẹni tó bá jagun tó ṣe akin ló ń gòkè nínú oyè. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ ogun bí àgbẹ̀ ṣe mọ ilẹ̀. Ìbàdàn dá ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo ní 1840, ó fọ́ Ìjàyè ní 1862, ó sì kó Iléṣà ní 1870. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ọ̀nà kan náà ló sábà máa ń gbà: á dó ti ìlú kan, á dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọlé, á sì dúró. Ìlú tí a dó tì ní obìnrin, ọmọdé, arúgbó àti aláìsàn nínú. Odi tí wọ́n mọ láti fi dáàbò bo ara wọn ló máa ń há wọn mọ́. Nígbà tí ebi bá sì ń pa ìlú kan, ìlú kejì á ṣì máa ṣọ́ odi tirẹ̀, torí kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún un pé kí ó wá gbèjà aládùúgbò. Bí wọ́n ṣe mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

Lẹ́yìn ìṣẹ́gun, Ìbàdàn a fi ajẹlẹ̀ sí ìlú tó bá ti tẹrí ba. Ajẹlẹ̀ ni ojú àti etí Ìbàdàn. Òun ló ń gba ìsákọ́lẹ̀, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ìlú sì ń bọ́. Àṣejù àwọn ajẹlẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn pọ̀ débi pé kódà ìtàn tí a kọ láti ìhà Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn kò fi í pa mọ́. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, tó ti ń wá bí gbogbo agbára Ìbàdàn yóò ṣe wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, kó Ìbàdàn sínú ìjà pẹ̀lú Ẹ̀gbá nítorí ọ̀nà òwò tó lọ sí etí òkun, Ìjẹ̀bú sì gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá. Bí ọwọ́ Ìbàdàn ṣe dí ní ìwọ̀-oòrùn ni Fábùnmi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí, gbéjà ko ajẹlẹ̀ ìlú rẹ̀ ní 1878, tó sì pa á. Ìlú lẹ́yìn ìlú ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti àwọn ará ìhà Ìgbómìnà àti Àkókó so ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀. Ìlọrin, ọ̀tá Ìbàdàn láti ọjọ́ pípẹ́, fara mọ́ wọn.

Ìjà ńlá àkọ́kọ́ kò dára fún wọn rárá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Balógun Àjàyí Ògbóriẹfọ̀n kó ogun Ìbàdàn pàdé wọn nítòsí Ìkìrun, ó fọ́ wọn yángá, odò Ọ̀tìn sì gbé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá. Ogun Jálumi ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá mọ ìtàn ọdún 30 tó ṣáájú á rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí: kí kálukú sá wọ odi ìlú rẹ̀, kí Ìbàdàn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ara wọn kó jọ, wọ́n sì yan ibi tí wọn yóò dúró sí, ìyẹn agbègbè olókè ní ẹ̀gbẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìbàdàn tọ̀ wọ́n wá, ó sì dó sí iwájú Igbájọ. Nígbà tó yá, Ààrẹ Látòósà alára kúrò nílé wá sí ibùdó. Àfonífojì ló là wọ́n láàárín. Ìpinnu yẹn ni mo kà sí ìdásílẹ̀ tòótọ́ Èkìtìparapọ̀. Ìbúra lè mú àwọn ìlú dara pọ̀ fún ọjọ́ kan. Ibùdó ló mú wọn máa jí papọ̀ láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó yí padà. Ogun ti kúrò lẹ́nu odi ìlú, ó ti dé ẹnubodè. Ìyàwó, ọmọ àti oko wà lẹ́yìn ibùdó, níbi tí ọwọ́ Ìbàdàn kò dé. Ìbàdàn kò lè fi ebi lé wọn kúrò, torí ọ̀nà tó wà lẹ́yìn wọn ṣí sílẹ̀ dé Iléṣà, dé àárín gbùngbùn Èkìtì, dé Òǹdó, títí dé etí ọ̀sà. Ọ̀nà Òǹdó yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ìjọba Èkó ló ti wọ́nà láti ṣí i láti nǹkan bí 1872, nígbà tí Glover ń ṣàkóso Èkó, kí òwò lè máa gba ibẹ̀ kọjá láìfi ti Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ṣe. Nígbà tí ogun dé, òun ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibùdó Ìmẹ̀sí. Ìbàdàn ẹ̀wẹ̀ ń jà ní ojú ogun márùn-ún: Èkìtìparapọ̀ níwájú, Ìlọrin ní ìhà Ọ̀fà, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ní ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, Ifẹ̀ náà sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1882. Modákẹ́kẹ́ ló dúró ti Ìbàdàn ní tòsí Ifẹ̀. Ìlú tó ti máa ń dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn rí i pé wọ́n ti dí ọ̀nà mọ́ òun náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀tù àti iyọ̀ fi di ọ̀wọ́n.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ibùdó kúrò ní àgọ́. Àṣà ogun Yorùbá ni pé imọ̀ ọ̀pẹ àti koríko ni wọ́n fi ń kọ́lé ibùdó ní ìbẹ̀rẹ̀, torí ọmọ ogun ń retí àtilọ sílé kí òjò tó le. Bí ogun bá pẹ́, wọ́n á mọ ilé amọ̀, wọ́n á mọ odi yí i ká, wọ́n á gbẹ́ yàrà. Ní Kírìjì, ibùdó méjèèjì di ìlú. Wọ́n dáko ní àyíká rẹ̀. Ọjà wà, alágbẹ̀dẹ wà, àwọn obìnrin wà tí wọ́n ń ru ẹrù oúnjẹ wá tí wọ́n sì ń tajà, babaláwo wà, wọ́n sì bí ọmọ níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n dó ti ń sáré kiri kí wọ́n tó dáná sun ibẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan nínú Èkìtìparapọ̀ ní olórí ogun tirẹ̀ tó ń ṣàkóso àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ogun àti ti àlàáfíà, àwọn olórí wọ̀nyí ní láti jókòó pọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Iléṣà àti àwọn ìlú Èkìtì kò ní ọba kan ṣoṣo rí. Ọwá, Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn, Ajerò, Ẹlẹ́kọ̀lẹ̀, kálukú ló ní adé tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ ibùdó ni ilé àkóso kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ní.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ ni ọ̀rọ̀ Fábùnmi àti Ògèdèǹgbé. Fábùnmi ló kọ́kọ́ dáná ọ̀tẹ̀, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe olórí. Ògèdèǹgbé, jagunjagun Ìjẹ̀ṣà tó ti mọ ọgbọ́n ogun Ìbàdàn látinú ìjà tó ti bá wọn jà, wà ní ìhà ìlà-oòrùn pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, kò sì tètè dé. Nígbà tó dé, òun ni ibùdó gbé ipò olórí fún, Fábùnmi sì gbà láti wà lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí a dúró lórí èyí díẹ̀. Nínú ìtàn ogun ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni akọni méjì kò lè gbé inú odi kan. Ìbàdàn fúnra rẹ̀ sọ àwọn olóyè ńlá nù nítorí irú ìjà abẹ́lé bẹ́ẹ̀. Ikú Ìyálóde Ẹfúnṣetán ní 1874 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí gbà kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà máa pàṣẹ, àwọn ará Èkìtì sì tẹ̀ lé e fún ọdún lórí ọdún. Irú ìgbọ́ràn bẹ́ẹ̀ kọjá ìwà rere ẹnì kan. Ibi tí gbogbo wọn ń gbé, tí ẹni tó bá bínú jáde níbẹ̀ ń ṣí ẹ̀gbẹ́ ará ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀tá, ló kọ́ wọn.

Àwọn kan á sọ pé mò ń gbé ibùdó ga ju bó ti yẹ lọ, pé ìbọn ló ṣe iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni pé Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tuntun gbà, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń lo ṣakabùlà tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí lẹ́nu. Ìró àwọn ìbọn ńlá yẹn ni àwọn ènìyàn ní ó bí orúkọ Kírìjì. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ó ba Ìbàdàn lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn ìbọn yẹn kò dé lọ́pọ̀ títí di nǹkan bí 1881 sí 1882. Ibùdó ti dúró kí wọ́n tó dé, Ìbàdàn kò sì lè lé e kúrò pẹ̀lú gbogbo okìkí rẹ̀. Ta ni ó sì fi wọ́n ránṣẹ́? Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ń gbé Èkó ni, àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú tí wọ́n sì padà láti Sàró àti láti Bùràsíìlì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń ra ohun ìjà, wọ́n sì ń bá ìjọba Èkó sọ̀rọ̀. Philip José Meffre wà lára àwọn tó mú iṣẹ́ náà ní òkúnkúndùn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti ṣe babaláwo, tó ti ṣe ẹrú ní Bùràsíìlì, tó sì di onígbàgbọ́. Ká ní kálukú ṣì wà lẹ́yìn odi tirẹ̀ ni, ta ni ẹgbẹ́ Èkó ì bá fi ìbọn ránṣẹ́ sí? Wọ́n lè ràn wọ́n lọ́wọ́ torí pé àpò kan wà tí wọ́n lè sọ owó sí, olórí kan sì wà tó lè pín in. Ohun mìíràn tún ni pé ìbọn náà kò lé Ìbàdàn kúrò ní Igbájọ. Ìbàdàn náà wá tirẹ̀ rí díẹ̀díẹ̀. Ìbọn mú kí ẹni tó bá jáde sí gbangba kú kíákíá. Ohun tó sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé odi àti yàrà tún wá ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìbàdàn náà ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ òdodo. Ìlú tó ń jà ní ojú ogun márùn-ún tí odi rẹ̀ kò sì wó, iṣẹ́ akin ló ṣe, n kò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó máa ń fi Látòósà ṣe òmùgọ̀. Ìṣòro Ìbàdàn ni pé ètò rẹ̀ dá lórí ogun tó ń tètè parí: kí wọ́n jáde, kí wọ́n ṣẹ́gun, kí wọ́n kó ẹrú àti ẹrù wálé, kí olóyè fi bọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, kí oyè sì ṣí fún ẹni tó ṣe akin. Ibùdó tó dúró sójú kan ń jẹ, kò sì ń mú nǹkan wọlé. Ààrẹ àti àwọn olóyè àgbà wà ní Igbájọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó fi jẹ́ pé ibùdó ni ìjọba Ìbàdàn ń gbé, ilé ló wá di ẹ̀yìn odi. Látòósà kú síbẹ̀ ní 1885 láìrí ilé mọ́, Balógun Àjàyí Òṣúńgbékún sì gba àkóso. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa ìgbésí ayé inú ibùdó, láti inú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ la ti rí i, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìhà Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni Johnson ń gbé, ojú wọn ló sì fi ń wo ogun náà lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ bá jẹ́wọ́ pé ibùdó Èkìtìparapọ̀ kò ṣe é ṣí nípò, ẹ̀rí náà lágbára ju èyí tó bá ti ẹnu Ìjẹ̀ṣà jáde lọ. Ìwé S. A. Akíntóyè tó jáde ní 1971 ló wá fi ìhà kejì sójú ọ̀nà fún wa.

Àtakò kejì ni pé òyìnbó ló parí ogun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kí 1886 tó pé, oríṣiríṣi onílàjà ti wá, wọ́n sì ti lọ. Aláàfin Adéyẹmí ti ránṣẹ́ sí gómìnà Èkó láti 1881. Àlùfáà J. B. Wood ti dé àárín àwọn ibùdó, kò sì rí i parí. Ìgbà tí ó dá ìhà méjèèjì lójú pé kò sí ẹni tó lè borí ẹnì kejì ni wọ́n tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Gómìnà Moloney wá rán Samuel Johnson sí Aláàfin àti Ìbàdàn, ó rán Charles Phillips sí Èkìtìparapọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù kẹfà ọdún 1886. Ní oṣù kẹsàn-án, Henry Higgins àti Oliver Smith wá sí ojú ogun gẹ́gẹ́ bí aṣojú gómìnà, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà ni wọ́n sì kéde àlàáfíà láàárín ibùdó méjèèjì. Ohun tí aṣojú òyìnbó mú wá ni ẹnì kẹta tí ẹnikẹ́ni kò fura sí pé ó fẹ́ gba ibùdó òun, kí ìhà kan má baà kọ́kọ́ kúrò kí ìkejì sì kọ lù ú lẹ́yìn. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àdéhùn náà wí: kí àwọn ọba àti olóyè Èkìtìparapọ̀ di òmìnira wọn mú, kí Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Igbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn, kí ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Èkìtìparapọ̀ sì lè kúrò. Kò sí ẹni tó bùn wọ́n ní ìlà yẹn láti Èkó. Ibi tí odi wọn dúró sí ni ìwé náà gbà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ti iná bọ ibùdó méjèèjì, ìlú méjì tó ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì jóná di eérú.

Àtakò kẹta ló wúwo jù, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: ibùdó ló mú ogun pẹ́. Òótọ́ ni. Odi tí kò ṣe é wó ló ń sọ ìjà ọdún méjì di ti ọdún mẹ́jọ. Ọ̀nà dí, òwò kú, oko di igbó, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú ní ìhà méjèèjì, ẹrú sì wà lára àwọn tó ń dáko bọ́ ibùdó méjèèjì. Kò sí bí a ṣe lè ka ìtàn yìí kí a sì máa yọ̀. Àlàáfíà 1886 pàápàá kò pé: wọn kò kó Modákẹ́kẹ́ kúrò bí àdéhùn ṣe wí, Ìlọrin kò sì jáwọ́ lára Ọ̀fà, tó fi jẹ́ pé ogun Ìbàdàn ṣì wà ní Ìkìrun títí Gómìnà Carter fi dé ní 1893. Láti ọdún yẹn ni agbára òyìnbó ti bo gbogbo wọn. Ní 1894, òyìnbó mú Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbé e kúrò nílùú fún ìgbà kan kó tó padà sí Iléṣà, níbi tó ti jẹ oyè Ọbańlá tó sì kú ní 1910. Òmìnira tí ibùdó jà fún kò ju ọdún méje lọ kí ọ̀gá mìíràn tó dé. Síbẹ̀, ohun tó yẹ kí a fi wé ni ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ láìsí ibùdó. A ti rí i ní Iléṣà ní 1870 àti ní àwọn ìlú Èkìtì tí wọ́n kó ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀: ìlú kan á ṣubú, ẹrú á kún ọ̀nà Ìbàdàn, ajẹlẹ̀ á wọlé, lọ́dún tó ń bọ̀ ó di ìlú mìíràn. Ogun ibùdó burú. Ti ìṣáájú burú jù ú lọ, kò sì ní òpin.

Lónìí, Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ààlà ìpínlẹ̀ ti pín àwọn tó jọ gbé inú odi kan sí méjì, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìjọba kan tó ka ibẹ̀ sí ti òun tán. Àwọn ará àgbègbè náà ń ṣe ìrántí ọjọ́ àdéhùn, wọ́n sì ń fi ojú ibẹ̀ han àlejò. Wọ́n kú iṣẹ́. Ìrántí ọjọ́ kan kò tó. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ wá, kí wọ́n wọn ibi tí odi àti yàrà gbà kọjá, kí wọ́n yàwòrán ibi tí ilé àti ọjà wà, kí oko àti ilé tuntun tó bò ó mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ ìwé ìtàn fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa fi ojú ewé kan fún ibùdó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akọni. Ìjọba Ọ̀ṣun àti ti Èkìtì lè jọ ṣe é, owó rẹ̀ kò pọ̀ jù fún ìpínlẹ̀ méjì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀.